Ẹja Ńlá, Edé Ńlá: Iṣẹ́ Tí Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Ń Ṣe

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí èdè àti ìrònú, fún àwọn olùgbọ́ ní agbègbè etíkun Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó)

 Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Igbókọ̀dá, ẹ̀yin ará Ugbò, Máhìn, Àhẹ́rì àti Ẹtíkàn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí òkun láti Araròmí títí dé Awóyè, ẹ kú iṣẹ́ omi, ẹ kú ewu ìgbì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀ lọ́nà fún, ẹ fa ìwé àti kálàmù yín súnmọ́ra. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nídìí ẹja yíyan, ẹ má dá iṣẹ́ dúró nítorí wa. Ẹ ṣáà máa gbọ́ wa bí ẹ ṣe ń yí ẹja padà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe nǹkan ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí: ńlá, kékeré, rere, burúkú, tuntun, tútù, gbígbẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹnu wa ti mọ́ wọn lára débi pé a kì í dúró bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo fẹ́ kí a bi wọ́n lónìí. Bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá dúró ti ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣé ó ń fi nǹkan kún un ni, àbí ó ń yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀? Ṣé ó ní ìtumọ̀ tó dá ní, àbí ọwọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà? Èrò tèmi ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ àpèjúwe kì í dá sọ ohun kan. Ẹni tó bá gbọ́ "rere" tàbí "tuntun", tí kò béèrè pé "rere kí ni?" tàbí "tuntun kí ni?", lè ra ohun tí kò fẹ́, ó lè dá ẹjọ́ tí kò tọ́, ó sì lè dìbò fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí fún un.

Orúkọ ìlú wa ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sétí òkun ní 1947. Odidi gbólóhùn ni orúkọ náà: ayé tòrò. Araròmí náà, gbólóhùn ni: ara rọ̀ mí. Ohun kan wà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan sì wà tó ń ròyìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà lè dá wa lóhùn kíá pé, "Rárá o, ayé kò tòrò."

Ẹ wá gbé Ugbò-Ńlá, Obe-Ńlá àti Orí-Òkè Ìwàmímọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí mo bá sọ pé "ìwà mímọ́", tí mo sì dákẹ́, ẹ ó máa retí ìyókù. Ìwà mímọ́ ṣe kí ni? Ó wà níbo? N kò tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà tàbí kọ̀. Mo kàn dárúkọ nǹkan ni, mo sì fi àpèjúwe yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣàpèjúwe nìyẹn: ẹ lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe ròyìn nǹkan, pé "ìwà rẹ̀ mọ́", ẹ sì lè fi àpèjúwe náà kọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́rùn, kó di "ìwà mímọ́". Èkejì yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé pè ní ẹ̀yán aṣàpèjúwe nínú ìwé rẹ̀, Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tó ń ṣiṣẹ́ kejì. Ọkọ̀ náà tóbi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ni. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ọkọ̀ náà ńlá". Ọmọ náà kéré, ọmọ kékeré ni. Ìwà rẹ̀ burú, ìwà burúkú ni. Nígbà mìíràn, ohùn orí ọ̀rọ̀ ni ó máa ń yí: omi náà tutù, omi tútù ni. Àwọn ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan ni ìyípadà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn: aṣọ náà pupa, aṣọ pupa, ọkọ̀ náà funfun, ọkọ̀ funfun. Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn sọ́kàn o, nítorí ohun tí gírámà yà sọ́tọ̀ níbí, ẹ ó rí i pé ìrònú náà yóò yà á sọ́tọ̀ bó bá yá.

Báwo la ṣe ń rí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yán wọ̀nyí? Ìdí ẹja ni ìdáhùn wà. Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ pe kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi "í" tì í lẹ́yìn. Gbẹ di gbígbẹ, yan di yíyan, bọ̀ di bíbọ̀, ká di kíká. Báyìí ni ẹja gbígbẹ, ẹja yíyan, ẹja bíbọ̀ àti ẹja kíká ṣe dé ọjà. Àyè tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí ìyá kan bá ní, "Yíyan ẹja ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi," iṣẹ́ ni ó ń sọ. Bí ó bá ní, "Ẹja yíyan ni mo fi tọ́ wọn," oúnjẹ tàbí ọjà ni ó ń sọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí ni ó yàtọ̀. Iṣẹ́ di ẹja, ẹja di iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe wa tún ń ṣe ohun kan tí àwọn èdè mìíràn máa ń gbé lé ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́wọ́: òun ni ó ń sọ iye. "Ẹja ńlá" lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n "ẹja ńláńlá" kò lè jẹ́ ẹyọ kan láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kékeré àti ọmọ kéékèèké. Ẹja kò yí padà, ọmọ kò yí padà. Àpèjúwe ni a pè lápètúnpè.

Àwọn onígírámà alára kò fẹnu kò lórí irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe jẹ́. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, tẹ ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1852, ó tò wọ́n sí ìsọ̀rí tiwọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, ọmọ Àkókó ní ìpínlẹ̀ wa níbí, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé gírámà tó ṣe jáde ní 1978, ó ka irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ìwé tí ẹ ń lò bá gbà ni kí ẹ kọ sínú ìdánwò. Àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èrò Awóbùlúyì, nítorí yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Kí a tó wọ inú ìrònú gan-an, ẹ jẹ́ ká wo ohun kan tí ẹ̀yán ń ṣe tí ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ṣe. Ká ní ẹnì kan dé etí omi, ó ní, "Ẹ́ńjìnnì àlòkù yẹn ti dé." Ẹnì kejì dáhùn pé, "Irọ́ ni!" Kí ni ẹni kejì yìí ń jiyàn rẹ̀? Ó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì náà kò tíì dé. Àlòkù ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ti gba abẹ́ àríyànjiyàn wọlé láìsan owó ibodè. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti sọ pé, "Àlòkù ni ẹ́ńjìnnì yẹn," à bá ti bi í pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ọgbọ́n tí àwọn olóṣèlú fi ń jẹun nìyẹn. "Àwọn adarí jẹgúdújẹrá yẹn ń bọ̀ lọ́la." "Rárá, ọ̀tunla ni wọ́n ń bọ̀." Ẹ gbọ́ bí a ṣe jiyàn lórí ọjọ́, tí jẹgúdújẹrá sì jókòó ti àwọn adarí, tí ẹnì kan kò béèrè ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ irọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ẹ̀yán náà kúrò níbi tó sá pamọ́ sí, kó sọ ọ́ di gbólóhùn tó dá dúró: "Jẹgúdújẹrá ni àwọn adarí yẹn." Ìgbà yẹn ni "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" tó ní ibi tí wọ́n ó dúró sí.

Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ẹ̀yán ni a lè yọ bẹ́ẹ̀? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà Igbókọ̀dá, nídìí edé. Oníbàárà kan mú edé kan tó yọrí láàárín àwọn yòókù, ó ní, "Ìyá, edé pupa mà lèyí o." Edé jẹ́ ẹran omi, àbí? Nítorí náà ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹran omi pupa. Òótọ́ ni, kò sí ìjà níbẹ̀. Ó tún wò ó, ó ní, "Ìyá, edé ńlá lèyí." Òótọ́ náà ni. Ṣé a wá lè sọ pé ẹran omi ńlá ni ó mú lọ́wọ́? Rárá! Èyí tó tóbi jù lọ nínú edé kò tó ìka ẹsẹ̀ àbùùbùtán, bí àbùùbùtán bá ní ẹsẹ̀. Ọmọ àbùùbùtán tó kéré jù lọ sì tóbi ju edé èyíkéyìí lọ.

Kí ló dé tí pupa fi bá wa dé ìparí ọ̀rọ̀, tí ńlá sì já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà? Ìdí ni pé pupa ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Bí a bá pe nǹkan ní edé, bí a pè é ní ẹran omi, bí a pè é ní ẹrù, pupa kò yí padà. Ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ń gbé kọ́ńgò wá, ńlá kàn ń sọ fún wa bóyá kọ́ńgò yẹn kún ni. Kọ́ńgò edé yàtọ̀ sí kọ́ńgò àbùùbùtán. Ìyàtọ̀ yìí ni onímọ̀ ìrònú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Geach, gbé jáde nínú àròkọ kúkúrú kan ní 1956. Ó yẹ ẹ̀yán wò báyìí: ẹ fi orúkọ tó gbòòrò jù rọ́pò orúkọ tó wà níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì jẹ́ òótọ́, ẹ̀yán náà dá dúró. Bí ó bá wó, ara ọ̀rọ̀-orúkọ àkọ́kọ́ ni ó ti fara tì.

Fún ètò yìí, mo pe irú pupa ní ẹ̀yán adádúró, mo sì pe irú ńlá ní ẹ̀yán afaratì. Kékeré jẹ́ afaratì. Gíga, gígùn, wúwo, olówó iyebíye, afaratì ni gbogbo wọn. Tuntun náà jẹ́ afaratì, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. "Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tuntun": tuntun ní ti kí ni? Ó jẹ́ tuntun ní ti pé òní ni wọ́n já a sílẹ̀ ní èbúté, kì í ṣe tuntun ní ti iṣẹ́ tó ti ṣe lókè òkun. Ẹni tó tà á kò purọ́. Ẹni tó rà á ni kò béèrè.

Èyí tó wọ Geach lọ́kàn jù ni "rere" àti "burúkú". Ó ní afaratì ni wọ́n, pé kò sí ohun tó kàn jẹ́ rere bẹ́ẹ̀. Ohun rere irú kan ni ó máa ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Aristotle, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, ti sọ ọ́ ní ohun tó lé ní 2300 ọdún sẹ́yìn, pé bí ènìyàn bá jẹ́ ẹni rere, tó sì jẹ́ aránbàtà, kò túmọ̀ sí pé aránbàtà rere ni. Ẹ gbé e wá sí etíkun wa. Bàbá kan wà, ènìyàn rere ni. Kì í jà, kì í jalè, tálákà kò kọjá lójúde rẹ̀ láìjẹun. Apẹja sì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju àwọ̀n, àwọ̀n á lọ́; bí ẹja bá ń rìn lápá ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn ló máa ń wà ọkọ̀ lọ. Ènìyàn rere ni, apẹja ni. Apẹja rere kọ́. Kọ́ńgò ènìyàn lọ́tọ̀, kọ́ńgò apẹja lọ́tọ̀.

Gírámà Yorùbá fara mọ́ Geach dé ibì kan. Rere kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ kò lè sọ pé "ọkọ̀ náà rere", kí ẹ sì dákẹ́. Ó di dandan kí rere wá ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò tì í lẹ́yìn: ọmọ rere, orúkọ rere, ọ̀rọ̀ rere tí ń yọ obì lápò. Bí ó bá sì dá jáde, pé "rere ni mo ṣe fún un", òun fúnra rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀-orúkọ nìyẹn. "Dára" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà fún ìròyìn, òun sì ni ó ń tàn wá, nítorí "ọkọ̀ yìí dára" jọ gbólóhùn tó parí. Kò parí o. Ọkọ̀ tó dára fún odò inú igbó, tó fẹ́lẹ́ tó sì yára, lè jẹ́ pósí fún ẹni tó bá gbé e kọ ìgbì òkun. Dára fún kí ni? Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọgbọ́n èdè wa kan hàn yín. Apẹja tó dàgbà ni apẹja tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀; ó lè jẹ́ lánàá ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹja. Àgbà apẹja ńkọ́? Ẹni tó ti gbó nínú iṣẹ́ ẹja ni, bí kò tilẹ̀ tíì pé ogójì ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń sọ pé àgbà olórin, àgbà akéwì. Nígbà tí àgbà bá síwájú, iṣẹ́ ni a fi wọ̀n ọ́n.

Títí di ibi tí a dé yìí, ẹ̀yán kò tíì ba ọ̀rọ̀-orúkọ jẹ́. Edé ńlá ṣì jẹ́ edé. Apẹja tí kò mọ iṣẹ́ ṣì jẹ́ apẹja. Ẹ̀yán kẹta wà tó jẹ́ pé bó bá ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sọ ọ́ dòfo ni. Owó ayédèrú kì í ṣe owó. Wòlíì èké kì í ṣe wòlíì. Nígbà tí Dora Akúnyìlí jẹ́ olórí àjọ NAFDAC, láti 2001 títí di 2008, òògùn ayédèrú ni ó gbógun tì, ogun náà sì le nítorí pé orúkọ òògùn wà lára páálí, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì lè wo àrùn tí a tìtorí rẹ̀ rà á. Mo pe irú ẹ̀yán yìí ní asọdòfo.

Ìpínlẹ̀ wa ti fún wa ní àpẹẹrẹ kan tó ṣe kedere. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí àìsàn dá dúró, gbé àṣẹ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́. Igbákejì náà, Lucky Ayédatiwá, ọmọ Obe-Ńlá ní Ìlàjẹ níbí, di adelé gómìnà. Ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, àṣẹ gómìnà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ bí ẹnì kan bá béèrè pé, "Ta ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó?", Akérédolú ṣì ni ìdáhùn tó tọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, Akérédolú jáde láyé, wọ́n búra fún Ayédatiwá lọ́jọ́ kan náà, "adelé" sì bọ́ kúrò lára orúkọ oyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó bọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà ni ó sì wà láàárín dídi ipò mú àti jíjẹ oyè.

Ẹ̀yán kẹrin kì í sọ nǹkan dòfo, kì í sì í fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo pè é ní oníyèméjì. Ẹ gbọ́ èyí: "Ọlọ́pàá mú afurasí olè mẹ́ta." Ṣé olè ni wọ́n? A kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú afurasí, àwọn kan jẹ́ olè, àwọn kan kò jẹ́ olè, ilé ẹjọ́ ni yóò sì yà wọ́n. Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó gbọ́ afurasí olè, tó sì fò lé "olè", tó wá gbé táyà àti epo bẹntiróòlù dání, kò mọ ìrònú, kò sì mọ òfin. Ẹ̀mí ènìyàn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú.

Mo ní ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú, ẹ sì ṣàkíyèsí rẹ̀. Afurasí olè. Adelé gómìnà. Òkú ẹran. Gbogbo ohun tí èdè wa fi síwájú yìí, ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n. Ibí yìí ni èrò Awóbùlúyì ti wúlò. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá síwájú ni olórí; èyí tó tẹ̀lé e ló ń yán an. Nítorí náà, afurasí olè, afurasí ni. Adelé gómìnà, adelé ni. Òkú ẹran, òkú ni. Aristotle ti ṣàlàyé pé kò tọ́ kí a pe òkú ènìyàn ní ènìyàn; èdè tiwa gbé òkú síwájú kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi èyí ṣògo kọjá ààyè. Ipò iwájú nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí àgbà apẹja ṣì jẹ́ apẹja, ojúlówó epo ṣì jẹ́ epo. Èké sì ń tẹ̀lé wòlíì lẹ́yìn, síbẹ̀ ó sọ ọ́ dòfo. A ṣì ní láti ronú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó lè jókòó sínú ìsọ̀rí méjì, Ayétòrò sì ni ó ti yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni "àtijọ́". Bí ẹnì kan ní ìgbèríko mìíràn bá sọ pé, "Ilé wa àtijọ́ rèé," ó lè nàka sí ilé tó ti pẹ́, tí òrùlé rẹ̀ ti dógùn-ún, tí wọ́n ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ilé ni. Ní Ayétòrò, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wọlé, tí ìgbì ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, ẹni tó bá sọ pé "ilé wa àtijọ́" lè máa nàka sí orí omi. Ilé kò sí níbẹ̀ mọ́. Àtijọ́ ti àkọ́kọ́ ń sọ ọjọ́ orí ilé. Àtijọ́ ti èkejì sọ ilé dòfo. Ẹ ronú ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó wá kọ orúkọ àwọn tí omi bà nílé jẹ́ bá kọ "ilé àtijọ́" sílẹ̀ láìbéèrè. Ẹni tó bá ka ìwé náà ní ọ́fíìsì yóò rò pé ilé tó gbó ni, pé ẹni tó ni ín ṣì ní òrùlé lórí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ẹ̀yán parí iṣẹ́ gbólóhùn. Ẹ kọ ọ́ gbọọrọ: "Omi ti gbé ilé náà lọ." Tàbí: "Ilé náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró."

Àwọn onímọ̀ ìrònú òde òní ti gbìyànjú láti wá òfin kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo ẹ̀yán yìí pọ̀. Richard Montague ní Amẹ́ríkà àti Hans Kamp, ọmọ Netherlands, tí àròkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1975, wà lára wọn. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ní kí a má ṣe ka ẹ̀yán sí orúkọ àkójọ nǹkan, bí ẹni pé gbogbo ohun rere ayé wà nínú agbọ̀n kan. Kí a kà á sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ: ó gba "apẹja" wọlé, ó sì mú "apẹja rere" jáde, ó gba "owó" wọlé, ó mú "owó ayédèrú" jáde. Ohun tó bá jáde lè wà lára ohun tó wọlé, ó sì lè má sí lára rẹ̀. Irú ẹ̀yán tí a lò ni yóò sọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń da irú èyí rò, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó lé ní 2200 ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Gongsun Long dìde, ó ní ẹṣin funfun kì í ṣe ẹṣin. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹni tó ń wá ẹṣin yóò gba dúdú, yóò gba pupa. Ẹni tó ń wá ẹṣin funfun kò ní gbà wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ ibi tó ti yọ̀: òótọ́ ni pé "ẹṣin" àti "ẹṣin funfun" kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ẹṣin funfun kò sí lára ẹṣin. Ó mú adádúró, ó ṣe é bí asọdòfo.

Àkókò wa ti ń lọ. Bí ẹ bá pàdé ẹ̀yán lọ́jà, ní ilé ẹjọ́ tàbí níbi ìpolongo ìbò, ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá nǹkan náà ṣì jẹ́ ohun tí ọ̀rọ̀-orúkọ pè é. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè kọ́ńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n: ńlá láàárín kí ni, rere ní ti kí ni, tuntun láti ìgbà wo? Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ẹ̀yán náà jáde, ẹ sọ ọ́ di gbólóhùn, kí ẹ wò ó bóyá ẹni tó lò ó ní ẹ̀rí. Bí olóṣèlú kan bá wá sí èbúté yín, tó ní òun yóò ṣe "ìjọba rere", ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí ìjọba rere yóò ṣe fún ẹni tí òkun ń lé kúrò nílé, fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì ṣèlérí ohunkóhun.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rèé, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mú àpólà mẹ́fà wọ̀nyí, kí ẹ sọ èyí tó jẹ́ adádúró, afaratì, asọdòfo tàbí oníyèméjì: púpurú gbígbẹ, olùkọ́ rere, ìyàwó àfẹ́sọ́nà, ọkọ̀ funfun, afurasí apànìyàn, àti ọ̀rẹ́ mi àtijọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn lè gba ìdáhùn méjì. Ẹni tó bá rí méjèèjì ti gbọ́ wa ní àgbọ́yé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, irú "fíofío" nínú "ó ga fíofío", a ó sì wádìí ìdí tí fíofío fi ń bá ga rìn tí kì í bá kúrú rìn.